Ohun Tí Owó Ọkọ̀ Kò Jẹ́ Kó Dé Ọjà

Kúlà ńlá méjì wà lẹ́yìn ilé mi ní Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ọdún 2022 ni mo rà wọ́n, nígbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin pinnu pé a ó máa ta ẹja lọ́nà tí ìyá wa kò gbà tà á rí. Ìyá wa lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Ọjà Olúwo. Ní ìdájí ló máa ń lọ ra ẹja tútù létí omi lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ń ti inú ọ̀sà bọ̀, tí yóò sì tà á fún àwọn alágbàtà tó wá láti Èkó kí oòrùn tó mú. Àwa ní tiwa fẹ́ ṣe ẹja náà tán pátápátá kó tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́: ká ha ìpẹ́ rẹ̀, ká yọ ìfun rẹ̀, ká gé e ní ìwọ̀n tó tó ọbẹ̀ ilé kan, ká fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pa á lára, ká dì í sínú ọ̀rá mímọ́, ká tẹ́ ẹ sórí yìnyín, kó sì dé ọwọ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Ajáh ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Bí obìnrin náà bá délé lálẹ́, ìkòkò nìkan ló kù tí yóò gbé kaná.

Ọjà náà tà. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹ̀yin òǹkàwé mi dáadáa, nítorí pé bí òwò kan bá kú, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò ni pé ọjà náà kò wu aráàlú. Àwọn oníbàárà wa ń pè wá, wọ́n ń júwe wa fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó ọkọ̀ ló pa òwò wa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà epo kan, tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì máa fi di oṣù Keje ọdún náà, ó ti di 617 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Awakọ̀ tó ń bá wa gbé kúlà kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju pé kó fi owó kún owó. Àwa náà fi owó kún owó ẹja, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí wọ́n sì ti ń dín kù ni owó ọkọ̀ tó ń já lé ọ̀rá ẹja kọ̀ọ̀kan lórí ń pọ̀ sí i, títí ó fi di ọjọ́ tí mo ṣírò rẹ̀ tí mo rí i pé owó tí a fi ń gbé ẹja ti ju owó tí a fi rà á létí omi lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà la dáwọ́ dúró.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀wọ́n ọjà la máa ń mẹ́nu bà: tòmátì wọ́n nítorí ọkọ̀, iṣu wọ́n nítorí ọkọ̀, sìmẹ́ǹtì wọ́n nítorí ọkọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀wọ́n jẹ́ apá tí ojú lè rí nínú àdánù náà. Apá kejì, tí mo gbà pé ó tóbi jù, ni àwọn ọjà tí kò dé ọjà rárá, tí ẹnì kan ti rò, tó ti dán wò, tí owó ọkọ̀ sì fi pa á kó tó ní orúkọ. Ẹni tó ń ra ẹja ní owó gọbọi mọ̀ pé òun ń jìyà, ó sì lè pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ẹja tí a ti ṣe tán ìbá máa dé ọ̀dọ̀ òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kò ní ohun tí yóò pariwo lé lórí. Bí àwọn elétò ìṣirò bá lọ sọ́jà lọ wo bí owó nǹkan ṣe ń lọ sókè, ohun tó wà lórí àtẹ nìkan ni wọ́n lè béèrè owó rẹ̀.

Ohun tí mo ń pè ní owó ọkọ̀ níbí ju owó tí a kà sọ́wọ́ awakọ̀ lọ. Wákàtí tí a lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà nínú rẹ̀, owó tí àwọn agbèrò ń gbà ní gàréèjì wà nínú rẹ̀, táyà tó bẹ́ nínú kòtò lójú ọ̀nà Ìtoìkín wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín tó yọ́ àti ẹja tó rọ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní àpèjúwe kan fún èyí tó bá iṣẹ́ wa mu gan-an. Ní 1954, Paul Samuelson, ọmọ Amẹ́ríkà, ní kí a fojú inú wo ọjà bí òkìtì yìnyín tó ń léfòó lọ lórí òkun, tó sì ń yọ́ bó ṣe ń lọ, débi pé ohun tó gúnlẹ̀ kò tó ohun tó gbéra. Èyí tó yọ́ lójú ọ̀nà ni owó ọkọ̀. Kó tó kọ ọ́ ni ọmọ Jámánì kan tó jẹ́ olóko, Johann Heinrich von Thünen, ti ṣírò ní 1826 pé ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ọkà lọ sí ìlú ń jẹ lára ọkà náà lójú ọ̀nà, àti pé ibì kan wà tó jìnnà débi pé gbogbo ọkà inú kẹ̀kẹ́ ni ẹṣin yóò jẹ tán.

Yìnyín gidi náà ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1833, oníṣòwò kan ní Boston, Frederic Tudor, kó nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù yìnyín tí wọ́n gé lára adágún omi sínú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Calcutta ní Íńdíà, ìrìn àjò bí oṣù mẹ́rin nínú ooru. Nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ló kù nígbà tí wọ́n dé. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó fi wé e, tó jẹ́ ohun tí àwọn onípákó ń dà nù, ni kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọ́, ohun náà ló sì sọ yìnyín Boston di ọjà ní Calcutta. Nígbà tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin yìí, mo ronú púpọ̀ nípa kúlà wa. Aago mẹ́rin ìdájí la máa ń da yìnyín sínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yára, a ó dé Ìkẹjà pẹ̀lú yìnyín tó ṣì ń tàn. Bí ọ̀nà bá dí, omi ni a ó bá, ẹja tó sì ti fara kan omi náà, mi ò jẹ́ tà á fún ọmọ ènìyàn. Fún ẹni tó ń gbé sìmẹ́ǹtì, wákàtí mẹ́ta tó ṣòfò jẹ́ ìnira; fún ẹni tó ń gbé ẹja tútù, òun ni ọjà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdí tí ọjà tuntun fi máa ń jìyà owó ọkọ̀ ju ọjà àtijọ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi so mọ́. Ìrìn kan ni awakọ̀ ń gba owó rẹ̀, kì í ṣe iye ọ̀rá tó wà nínú ọkọ̀. Alágbàtà tó ń ra ẹja tútù lásán mọ̀ pé òun yóò kún ọkọ̀, nítorí pé ọjà tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló ń gbé. Bí ó bá kó ọgbọ̀n apẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n apẹ̀rẹ̀ ni yóò jọ ru ẹrù owó náà, tí kò sì ní wúwo lórí ẹyọ kan. Ọjà tuntun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá mẹ́wàá ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni mẹ́wàá ló tíì gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn mẹ́wàá yìí ni yóò sì ru owó ìrìn odindi. Owó náà yóò ga, ẹni kọkànlá yóò sá, ọjà náà kò ní dàgbà kọjá ọ̀rá mẹ́wàá, a ó sì wá sọ pé kò wu ènìyàn. Tí owó ìrìn náà bá mọ níwọ̀n, ọ̀rá mẹ́wàá ìbá yè é títí yóò fi di ọgọ́rùn-ún, nígbà tó bá sì di ọgọ́rùn-ún, kò sí ohun tó tún lè dá a dúró. Àtẹ̀gùn tó ga ju eékún ọmọdé lọ kò ní kí àgbàlagbà má gòkè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló ń dá padà.

Ohun kejì ni pé kò sí ọjà tuntun tó pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà ní ata wa ti pọ̀ jù. A dín in kù, wọ́n ní iyọ̀ ló kù. A yí ọ̀rá padà nítorí pé ti àkọ́kọ́ máa ń jò. A gbìyànjú láti yọ eegun fún àwọn tó ní ọmọ kékeré, a rí i pé ẹja èpìyà kò gbà á dáadáa, a sì lọ sórí ẹja mìíràn. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí gba ìrìn kan tàbí méjì kí a tó mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ wọ́n kò lè ṣe àṣìṣe púpọ̀. Ẹni tí kò sì lè ṣe àṣìṣe púpọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ tà náà ni yóò máa tà. Mo gbà pé ìdí yìí, ju àìní ọgbọ́n tàbí àìní ìtara lọ, ni ọjà wa fi rí bákan náà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Scotland, ti rí i láti 1776 bí gbígbé ẹrù ṣe ń pinnu ohun tí ènìyàn lè fi ṣe iṣẹ́. Ó ṣírò pé kẹ̀kẹ́ ńlá kan, pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ẹṣin mẹ́jọ, ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti gbé bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin ẹrù lọ láti London sí Edinburgh kí ó sì padà. Láàárín àkókò kan náà, ọkọ̀ ojú omi tí ọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń tù lè gbé 200 tọ́ọ̀nù lọ, kó sì kó òmíràn bọ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi fi kọ́kọ́ gbèrú létí òkun àti létí odò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọjà ti gbòòrò tó fún ènìyàn láti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ohun kékeré kan ní àṣeyanjú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yọ eegun ẹja lọ kò lè jẹun ní ìlú tí ẹja rẹ̀ kò lè jáde. Ẹ̀pẹ́ wà létí omi. Ọ̀rọ̀ náà yóò tún padà wá bí mo bá ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ìnira náà ń kọ́ni lọ́gbọ́n, òótọ́ sì ni. Bí a bá wo oúnjẹ wa fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn tí àwọn àgbà fún ìṣòro ọ̀nà. Bíi ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ẹja tútù jẹ́ omi; ẹni tó bá yan án ti yọ omi náà kúrò lórí ẹni tó ń rù ú, ó sì ti sọ ọjà ọjọ́ kan di ọjà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti fà á tu, ó sì gba nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ tútù kó tó di kílò gàrí kan. Nítorí náà, ẹni tó gbé àpò gàrí kan dé Èkó ti fi ẹrù àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lóko. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Bùràsílì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ kálẹ̀ ní etíkun wa, ó sì yí oúnjẹ gbogbo ilẹ̀ yìí padà. Ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní Àkírà ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni wọ́n ti ṣe ààrò kan ní nǹkan bí 1970 tó ń yan ẹja lórí àtẹ tí a tò lé ara wọn, tí igi ìdáná díẹ̀ sì ń tó fún un. Irú ààrò náà ti tàn ká Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ọgbọ́n yìí ń lé. Ó ń lé ọ̀nà: kí ọjà fúyẹ́, kí ó má bàjẹ́, kí ó lè fara da oòrùn àti kòtò. Ohun tí ẹnu ń fẹ́ wá di ẹ̀yìn. Ẹja yíyan dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹja yíyan nìkan ló lè rìn, ará Òṣòdì kò ní mọ bí ẹja tó jáde nínú ọ̀sà ní ìdájí ṣe ń dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Níbi tí ọ̀nà bá ti rọrùn, ènìyàn lè yàn láàárín yíyan àti tútù; níbi tí kò bá ti rọrùn, ọ̀nà ti bá a yàn. Ìyàtọ̀ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí a máa wò bí a bá ń sọ̀rọ̀ àǹfààní oníbàárà, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ kò sí nínú owó tó kéré nìkan. Ó wà nínú iye ohun tó lè nawọ́ sí.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń dùn mí bí ọmọ Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé ìyá mi kò fẹ́ràn wa tó, nítorí pé gbogbo ọ̀bọ̀kún tó tóbi ló máa ń kó fún àwọn alágbàtà, kéékèèké ló sì máa ń gbé wálé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ìṣirò ni. Armen Alchian àti William Allen, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1964. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹja kékeré jẹ́ 2,000 náírà ní Ẹ̀pẹ́, tí ńlá sì jẹ́ 6,000: ẹni tó bá jẹ ńlá kan níbí ti fi kékeré mẹ́ta sílẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 2,000 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, kékeré yóò di 4,000 ní Èkó, ńlá yóò sì di 8,000: níbẹ̀, ńlá kan kò ju kékeré méjì lọ mọ́. Lójú ará Èkó, ẹja ńlá ti wá dà bí ohun tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òun ni yóò sì béèrè fún. Bí owó ọkọ̀ bá ṣe ń ga tó ni èyí tó dára jù yóò máa jáde, tí èyí tó kù yóò sì máa ṣẹ́kù fún àwa tí a ni odò.

Èyí kan ọjà tuntun pẹ̀lú, mo sì fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí owó ọkọ̀ ga, kò pa wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ yí wa padà. Ọ̀rá èpìyà tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí pé kò lè ru owó ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ńlá àti edé tó sanra ni a wá ń gbé fún àwọn díẹ̀ tó lówó. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí òwò náà tó kú. Mo gbà pé bákan náà ló ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi: níbi tí gbígbé ẹrù bá ti wọ́n, ẹni tó fẹ́ dá àrà yóò máa dá a fún olówó, nítorí pé ọjà olówó nìkan ni ìrìn kò lè jẹ tán. Ọjà tí ìbá tu mẹ̀kúnnù lára ni ẹṣin von Thünen kọ́kọ́ máa ń jẹ.

Ní ìlú tiwa yìí, a ti rí i rí kí ọ̀nà gbé ọjà dìde, a sì ti rí i kí ó gbé òmíràn ṣubú. Ejìnrìn, tí kò jìnnà sí wa, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tó lókìkí jù létí ọ̀sà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Epo pupa àti èkùrọ́ ń ti òkè bọ̀ wá síbẹ̀, iyọ̀ àti aṣọ sì ń ti Èkó bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà náà mú, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn ará òkè kọjá tààrà dé Èkó. Gbogbo ohun tó bá kọjá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fi ṣe àwáwí ogun ní oṣù Karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín sì ni àwọn ọmọ ogun wọn gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. N kò ní pe ogun ní ohun rere nítorí ọjà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì di 1912, ó ti ń gbé ẹrù láti Kánò. Obì tútù, tó nílò kí a máa fi ewé wé e kó má baà gbẹ, wá ń ti Àgégé wọ rélùwéè lọ sí òkè Ọya, oko obì sì gbilẹ̀ ní Àgégé nítorí pé ọ̀nà ti wà fún un. Ẹrù Ìbàdàn kò tún ní ohun tó ń wá dé Ejìnrìn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí kò ní mọ̀ pé ìlú náà ti kún rí, bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un.

Ọ̀sà tó gbé Ejìnrìn ga ṣì wà níbẹ̀. LAGFERRY, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2020, àwọn ará Ìkòròdú sì mọ ìtura tó wà nínú rẹ̀. Èrò ni wọ́n ń gbé. Ẹja kì í wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ewéko orí omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní odò Badagry ní 1984, ń di ojú omi ní àwọn àkókò kan nínú ọdún, ó sì ń ká ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ́wọ́ kò. Tí mo bá ní àṣẹ, ọkọ̀ ojú omi kan tó ní yàrá tútù, tó ń gbéra ní Ẹ̀pẹ́ láago márùn-ún ìdájí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ni n óò kọ́kọ́ béèrè fún, kí ìjọba sì máa gba owó apẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ní apẹ̀rẹ̀ kan.

Òkun tó wà níwájú wa ti rí ìyípadà tó tóbi ju ti ọ̀sà lọ. Ní 26 oṣù Kẹrin 1956, Malcom McLean, tó ti jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù rí, fi ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Ideal-X gbé kóńtẹ́nà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Kíkó tọ́ọ̀nù ẹrù kan sínú ọkọ̀ ní ọwọ́ ń ná àwọn oníṣòwò ní dọ́là 5.86 nígbà yẹn. Kóńtẹ́nà sọ ọ́ di nǹkan bíi sẹ́ǹtì 16. Owó ẹrù já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn ohun tí kò yẹ ní gbígbé tẹ́lẹ̀, bíi sálúbàtà, abọ́ ike àti ohun ìṣeré ọmọdé, wá di ohun tó lè la òkun kọjá. Kúlà méjì tó wà lẹ́yìn ilé mi, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Èbúté Lẹ́kkí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, wà ní Ìbejú-Lẹ́kkí, ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé gbè wá, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí kóńtẹ́nà bá ti kúrò ní èbúté, ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà ni yóò gbà.

David Atkin àti Dave Donaldson, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, ti wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà abẹ́lé yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015, wọ́n sì lo owó ọjà ní àwọn ìlú Nàìjíríà àti ti Etiópíà. Wọ́n rí i pé bí ọjà bá ṣe ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ṣe é tàbí ibi tó gbà wọlé, ìnáwó tí ìjìnnà náà ń fà níbí tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti Amẹ́ríkà. Wọ́n tún rí i pé bí ọjà kan bá di olówó pọ́ọ́kú ní èbúté, ní àwọn ìlú tó jìnnà, àwọn alágbàtà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń rà á jẹ. Mi ò fi èyí bú alágbàtà, torí alágbàtà ló tọ́ mi dàgbà. Níbi tí ìrìn bá ti ṣòro, àwọn díẹ̀ ló lè máa rìn, àwọn díẹ̀ tó sì ń rìn ló ń sọ iye tí ọjà yóò jẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, àbúrò mi wá bá mi pẹ̀lú àbá kan. Ó ti bá obìnrin mẹ́rin mìíràn sọ̀rọ̀: ọ̀kan ń ta ìgbín tí wọ́n ti yọ tí wọ́n sì ti fọ̀, ọ̀kan ń ta fùfú inú ọ̀rá, ọ̀kan ń ta ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti ṣà tí wọ́n sì ti gé, ọ̀kan ń ta edé gbígbẹ. Ọjà kéékèèké ni gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó lè kún ọkọ̀. Ọkọ̀ kan ni wọ́n fẹ́ jọ máa háyà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí owó ìrìn kan pín sí ọ̀nà márùn-ún. Wọ́n ń gba àṣẹ ọjà lórí WhatsApp títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ohun tí kò ní ẹni tó fẹ́ rà á. Ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn apẹja Kerala ní Íńdíà nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín 1997 sí 2001: wọ́n ń pe etíkun láti orí omi láti mọ ibi tí oníbàárà wà kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Robert Jensen, tó ṣe ìwádìí náà, rí i pé ẹja tí wọ́n ń dà nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, èrè apẹja fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, owó tí oníbàárà ń san sì fi ìdá 4 wálẹ̀.

Àwọn mọ́kàndínlógún ló béèrè ẹja lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ àwọn oníbàárà wa àtijọ́. Èpìyà ni àbúrò mi tún fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá kékeré, pẹ̀lú ata díẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tíì kún. Ààyè apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣì ń ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a sì ń wá ẹni tó ní ọjà tó fẹ́ dán wò, tí yóò jọ máa bá wa rìn. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni a máa ń gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Olúwo, nítorí pé bí ó bá ti kọjá aago márùn-ún, yìnyín kò ní dé Ìkẹjà.